Èwo nínú fíìmù James Bond ló yẹ ká kọ́kọ́ fi han ẹni tí kò wò ó rí?

Láti 1962 títí di 2021, fíìmù 25 ni iléeṣẹ́ Eon ṣe lórí James Bond, amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òṣèré mẹ́fà ló sì gbé e ṣe. Bí ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò yín kan l'Adó tàbí n'Ìkéré bá ní òun ti ń gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí láti kékeré àmọ́ òun kò jókòó wò ó rí, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú ilé ló sábà máa ń sáré fa èyí tó fẹ́ràn jù yọ. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń wọ́. Ẹni tó ti wo ogún fíìmù fẹ́ràn tirẹ̀ nítorí ogún tó ti wò. Àlejò kò tíì ní nǹkan kan lórí tó lè fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ "èwo ló dára jù" sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ bi ara yín pé: èwo ni ẹni yìí lè wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìjẹ́ pé mò ń dá a dúró ṣàlàyé? Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì ìdádúró lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ pé "bàbá yìí ti wà nínú èyí tó ṣáájú, mi ò sọ fún ẹ ni", ẹ ti mú èyí tí kò yẹ.

Ojú tó ń yí padà

Èyí ló máa ń kọ́kọ́ rú àlejò lójú, torí náà ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. Sean Connery ló bẹ̀rẹ̀ ní 1962. George Lazenby ṣe ẹyọ kan ṣoṣo ní 1969, Connery padà wá ṣe kan sí i ní 1971, Roger Moore sì gbà á ní 1973, ó ṣe méje títí di 1985. Timothy Dalton ṣe méjì, ní 1987 àti 1989. Pierce Brosnan ṣe mẹ́rin láàárín 1995 sí 2002. Daniel Craig ṣe márùn-ún láti 2006 títí di 2021.

Àwọn kan máa ń ṣàlàyé pé oyè ni James Bond, gẹ́gẹ́ bí Ẹwì ti Adó: Ẹwì kan wàjà, òmíràn gorí ìtẹ́, orúkọ oyè ò yí padà. Àlàyé náà dùn létí, ó sì tètè yé ọmọ Èkìtì, ṣùgbọ́n àwọn fíìmù náà fúnra wọn kò gbè é. Ní 1969, Bond tí Lazenby ṣe gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Tracy níyàwó, wọ́n sì yìnbọn pa á bí wọ́n ṣe ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Ní 1981, nínú For Your Eyes Only, Bond tí Roger Moore ṣe ló gbé òdòdó lọ sí ibojì Tracy yìí kan náà. Nínú Skyfall, ibojì bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní Scotland, Bond ni wọ́n sì kọ sára òkúta. Orúkọ àbísọ ni Bond. Bí ohun kan bá jọ oyè nínú ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, 007, ni, nítorí nígbà tí ó fẹ̀yìn tì nínú fíìmù tó gbẹ̀yìn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Nomi ni wọ́n gbé nọ́ńbà náà fún.

Ẹ kàn sọ ọ́ báyìí: láti 1962 dé 2002, ọkùnrin kan náà ni, òṣèré ló ń pààrọ̀, ẹ má ṣe bá wọn ṣírò ọjọ́ orí. Ní 2006 wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òdo, márùn-ún tí Craig ṣe sì so mọ́ra wọn. Ohun tó máa ń da ìyẹn rú ni Judi Dench, òṣèrébìnrin tó ṣe ọ̀gá amí tí wọ́n ń pè ní M. Òun ni M fún Brosnan, òun náà tún ni M nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tuntun pẹ̀lú Craig. Wọ́n kàn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sí àdììtú níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń wá ìtàn tó tò tẹ̀léra nínú àwọn ti àtijọ́ kò ní í rí i. Ní 1967, Bond àti ọ̀tá rẹ̀ Blofeld rí ara wọn lójúkorojú. Ní 1969 wọ́n tún pàdé, Blofeld kò sì dá a mọ̀. Àwọn tó ṣe fíìmù mọ̀, wọn ò kà á sí.

Bí ẹ bá fẹ́ ìdáhùn kíákíá

Fún àgbàlagbà tó fẹ́ràn eré tó ní ìtumọ̀, Casino Royale ti 2006. Fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ rí gbogbo ohun tí ayé ń sọ nípa Bond nínú fíìmù kan ṣoṣo, GoldenEye. Fún ilé tí ọmọdé àti arúgbó jọ jókòó, The Spy Who Loved Me. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n mẹ́ta yìí ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Casino Royale, àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ṣáájú rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tó wà lára fáìlì. Casino Royale mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan jẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1954, tí wọ́n ti ń pe Bond ní Jimmy. Ìkejì, ti 1967, ẹ̀fẹ̀ ni látòkèdélẹ̀, David Niven àti Peter Sellers wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ara 25 tí a ń sọ. Ẹni tó bá gbé ti 1967 sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láìmọ̀, àlejò rẹ̀ yóò rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí ẹ fẹ́ ni ti 2006, tí Martin Campbell darí, ìṣẹ́jú 144.

Ìdí tó fi dára fún alábẹ̀rẹ̀ ni pé Bond náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní àṣẹ láti pànìyàn, kò tíì já fáfá, ó ń ṣàṣìṣe, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò sí Q tó ń ṣe irinṣẹ́ àrà fún un, kò sí Moneypenny, akọ̀wé M, kò sí ẹnikẹ́ni tó yẹ kéèyàn ti mọ̀ rí. Gbólóhùn tó fi ń pe orúkọ ara rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ìparí pátápátá ló tó sọ ọ́.

Ibi tí ó ti máa ń sọnù mọ́ àlejò lọ́wọ́ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni owó. Le Chiffre, ọ̀tá Bond, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bọ́ọ̀sì nínú fíìmù, máa ń tọ́jú owó fún àwọn apániláyà. Ó gba owó lọ́wọ́ olórí ogun kan ní Uganda, ó sì fi í ta tẹ́tẹ́ lórí ìpín iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan pé iye rẹ̀ máa já wálẹ̀. Kó lè já lóòótọ́, ó rán èèyàn pé kó lọ fọ́ ọkọ̀ òfuurufú tuntun iléeṣẹ́ náà ní Miami. Bond dí i lọ́wọ́, ìpín ò já, owó olówó sì ṣègbé. Nítorí gbèsè yẹn ni Le Chiffre ṣe pe àwọn olówó jọ sí Montenegro láti ta káàdì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Bond lọ nítorí pé bí Le Chiffre bá pàdánù, kò ní ibì kan tó lè sá sí mọ́ àfi ọ̀dọ̀ wọn, yóò sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo tó mọ̀. Bí ẹ bá sọ èyí ní ìṣẹ́jú méjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì ìbéèrè ti tán.

Ìkejì ni káàdì fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ Whot nìkan yóò sùn lọ. Póókà tí wọ́n ń ta níbẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé: káàdì méjì ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ló ń rí i. Wọ́n á wá ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì tí gbogbo wọn lè lò. Nínú méje yẹn ni kálukú á ti yan márùn-ún tó lágbára jù. Mẹ́ta tó jọra pẹ̀lú méjì tó jọra lágbára gan-an; márùn-ún tó tò tẹ̀léra tí àmì wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn tó. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n yóò lóye ìdí tí gbogbo yàrá fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí káàdì tó kẹ́yìn. Bí kò bá yé e náà, ẹ ní kó máa wo ojú Le Chiffre dípò káàdì.

Bí ẹ bá fẹ́ sinmi láti bu oúnjẹ, ẹ dúró lẹ́yìn ìjà pápákọ̀ Miami, kí Bond tó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti pàdé Vesper, obìnrin tó ń bójú tó owó tí ìjọba fún un láti fi ta káàdì. Apá kìíní parí síbẹ̀ dáadáa. Ẹ sì kìlọ̀ pé fíìmù náà ní òpin ẹ̀tàn. Nígbà tí Bond bá wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn, tó ń gba atẹ́gùn pẹ̀lú Vesper, àwọn kan á ti dìde láti lọ pa jẹnẹrétọ̀. Kò tíì parí o. Gbogbo Venice ṣì ń bọ̀, ibẹ̀ ni ìtàn náà sì ti fi ọ̀bẹ gún èèyàn lọ́kàn.

Ti ìtìjú ńkọ́, ní ilé tí màmá tàbí bàbá bá wà? Àwòrán tó máa ń bá orin ìbẹ̀rẹ̀ rìn nínú fíìmù Bond kún fún òjìji obìnrin tó wà ní ìhòòhò. Ti Casino Royale yìí kò ní in, káàdì ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má baà yọ̀ jù, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n tú Bond sí ìhòòhò, wọ́n dè é mọ́ àga tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń fi okùn nà án láti abẹ́. Èmi ò ní í fi han ọmọ tí kò tíì pé mẹ́tàlá.

GoldenEye

Láàárín 1989 sí 1995, ẹjọ́ ò jẹ́ kí fíìmù Bond kankan jáde. Nígbà tí wọ́n máa padà, wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò rí Bond rí ní sinimá, torí náà wọ́n ṣe GoldenEye bí ẹni ń mú àlejò yí ká inú ilé: M tuntun, Moneypenny tuntun, Q tó ń fi irinṣẹ́ àrà hàn, ọkọ̀ olówó ńlá, ilé tẹ́tẹ́ ní Monaco, bọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Martin Campbell kan náà ló darí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n nílò kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ Bond lákọ̀tun, òun ni wọ́n pè ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì.

Ó fi fífò láti orí ìdídò omi kan ní Switzerland bẹ̀rẹ̀, tó ga ní 220 mítà, okùn nìkan ló so ẹni tó fò ró. Lẹ́yìn náà Bond ń fi táǹkì ogun wó ògiri kiri St Petersburg. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì l'Ọ̀yẹ́ tàbí l'Adó tó fẹ́ràn ariwo àti eré sísá, òun ni kẹ́ ẹ gbé sílẹ̀ fún wọn. Ìṣẹ́jú 130 ni. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ṣáájú ni pé ìjọba Soviet ṣẹ̀ṣẹ̀ wó nígbà náà, àwọn ohun ìjà wọn sì ń wọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lówó. Kí ẹ sì mọ̀ pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi itan fún ọkùnrin pa lórí ibùsùn. Kì í ṣe fíìmù tí ẹ̀ ń bá pásítọ̀ wò.

The Spy Who Loved Me, fún gbogbo ilé

Roger Moore, 1977, ìṣẹ́jú 125. Ìtàn náà tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lóye: olówó kan tó ń gbé abẹ́ òkun ń jí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, kí Amẹ́ríkà àti Soviet lè ju bọ́ǹbù lu ara wọn, kí òun wá dá ayé tuntun sílẹ̀ nínú omi. Bond àti amí obìnrin kan láti Soviet ní láti jọ ṣiṣẹ́. Òmìrán onírin lẹ́nu tí wọ́n ń pè ní Jaws wà níbẹ̀, àwọn ọmọ kì í gbàgbé rẹ̀. Ọkọ̀ Lotus funfun wọ inú omi, ó di ọkọ̀ abẹ́ omi, ó tún jáde sí etíkun láàárín àwọn tó ń yáàrùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹ́ wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan fi bàtà yìnyín fò kúrò lórí òkè, ó ń jábọ́, ó ń jábọ́, kò sí ariwo, páráṣúùtì tó ní àwọ̀ àsíá Gẹ̀ẹ́sì wá ṣí. Ènìyàn gidi ló fò ó, Rick Sylvester lorúkọ rẹ̀, lórí Òkè Asgard ní Kánádà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí wọ́n á rò pé kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí Bond pa níbẹ̀ tún ṣe pàtàkì sí ìtàn tó kù, torí náà ẹ má ṣe lọ bu oúnjẹ ní àkókò yẹn.

Àwòrán orin rẹ̀ ní òjìji àwọn obìnrin yẹn o. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ rán àwọn ọmọ lọ bu omi.

Àwọn tí kò yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́

Dr. No ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ jáde. Kò burú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, kò tíì ní irinṣẹ́ àrà, Bond sì ń bá Quarrel, atukọ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́ ní Jàmáíkà, sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́. Ẹni tó ti fẹ́ràn Bond lè fara dà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á béèrè pé ṣé irú èèyàn tí ẹ ní kí òun wá wò nìyí.

Live and Let Die, ti 1973, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù ní ilẹ̀ wa. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún bọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi ẹ̀sìn Vodun, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá, ní ilẹ̀ Benin, ṣe ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn. Lójú oníṣẹ̀ṣe, ìwọ̀sí ni. Lójú ìjọ, ẹbọ ni. Àríyànjiyàn tó máa bẹ́ sílẹ̀ á gùn ju fíìmù lọ. Orin rẹ̀ dùn, eré ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ dára, ẹ fi pamọ́ fún ìgbà tí àlejò bá ti mọ Bond.

Goldfinger, ti 1964, ló sún mọ́ àwọn mẹ́ta tí mo kà jù. Ìṣẹ́jú 110 péré ni, ó sì ní ọkọ̀ Aston Martin tó ń ju èèyàn jáde láti orí òrùlé. Àmọ́ ibì kan wà nínú abà tí Bond ti fipá mú obìnrin kan títí tó fi gbà, àwọn obìnrin òde òní kì í sì í rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n tọ̀nà.

Die Another Day ní ọkọ̀ tí a kì í rí. Ẹ fi í sílẹ̀. Never Say Never Again, ti 1983, Connery ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ṣe é lábẹ́ ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ìtàn Thunderball, fíìmù Bond ti 1965, ni wọ́n tún sọ. Orin tó yẹ kéèyàn fi mọ Bond kò sí nínú rẹ̀.

Ohùn, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àti iná

Gẹ̀ẹ́sì tí M ń sọ yára, ẹ má ṣe tijú láti fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí i. Bí fáìlì ọ̀rọ̀ náà bá dá wà, ẹ sọ ọ́ ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fíìmù, kẹ́ ẹ sì kó méjèèjì sínú fódà kan; VLC, ètò tí wọ́n fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, á mú un fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń ṣáájú ẹnu, ẹ máa tẹ lẹ́tà H; bí ó bá ń pẹ́ lẹ́yìn ẹnu, ẹ máa tẹ G, títí wọ́n á fi bá ara wọn mu. Bí ó bá bá ara mu ní ìbẹ̀rẹ̀ tó tún wá yà ní àárín, fáìlì yẹn kì í ṣe ti ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá òmíràn.

Tó bá jẹ́ bátìrì ìnfátà lẹ gbójú lé, ẹ ka ìṣẹ́jú fíìmù mọ́ ìpinnu yín. Kí iná lọ nígbà tí wọ́n ń ta káàdì ní Casino Royale burú ju kí ẹ ti mú Goldfinger tó kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn àkọ́kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ràn The Spy Who Loved Me, Goldfinger ló kàn. Ẹni tó fẹ́ràn GoldenEye lè lọ sí Casino Royale tààrà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Casino Royale ní láti tẹ̀ lé ìlà: Quantum of Solace bẹ̀rẹ̀ níbi tí èyí parí sí gan-an, ìṣẹ́jú 106 péré sì ni. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà bá a nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ó sì hàn lára rẹ̀. Ẹ lè fò ó lọ sí Skyfall láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ padà wò ó kí ẹ tó dé Spectre, níbi tí wọ́n ti so gbogbo àwọn ọ̀tá àtẹ̀yìnwá mọ́ ọwọ́ ẹnì kan.

No Time to Die ló kẹ́yìn. Gbogbo ọmọ tó bá wo fíìmù ládùúgbò wa ló mọ̀ pé akitọ̀ kì í kú. Nínú èyí, akitọ̀ kú. Ẹni tí kò bá wo mẹ́rin tó ṣáájú kò ní í mọ ìdí tí àwọn mìíràn nínú yàrá fi ń nu ojú, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 163 ni, ó gùn ju gbogbo wọn lọ, ìparí rẹ̀ ló sì lágbára jù, nítorí náà ẹ rọ epo kún jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ bẹ̀rẹ̀.